Agbára Kọ́ La Fi Ń Ṣí Ẹ̀dọ̀fóró

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn dókítà ọ̀dọ́ àti àwọn ẹbí tó ti ní aláìsàn ní ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù) rí sọ. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyí, àfi ibi tí iná ti lọ tí a fi dúró de jẹnẹrétọ̀.

Alága ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tó wà níjókòó, mo kí yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, tí oorun ṣì wà lójú yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ICU rí, tí ẹ ń wo ojú gbogbo ẹni tó bá jáde, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún padà jókòó síbẹ̀. Mo gbọ́ àmín yín.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ ni ti ṣíṣí ẹ̀dọ̀fóró tó ti pa dé nígbà tí aláìsàn bá wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, fẹntilétọ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Recruitment la ń pè é ní wọ́ọ̀dù. Dókítà àgbà á wọlé, á wo ojú ẹ̀rọ, á ní, "Ṣé ẹ ti recruit ẹni yìí?" Á wá dà bíi pé iṣẹ́ tó yẹ ká ti ṣe la pa tì. Èmi wá láti sọ lónìí pé ìbéèrè míì wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró ẹni yìí ṣeé ṣí? Bó bá sì ṣeé ṣí, ṣé tipátipá la ó fi ṣí i? Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ò kọjá ibẹ̀.

Kí ló ń pa ẹ̀dọ̀fóró dé?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú àyà. Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe àpò ńlá kan tó ṣófo. Àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ló kún inú rẹ̀, bí ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara wọn fẹ́lẹ́ débi pé ọ́síjìn ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan kan tó ń yọ̀ wà nínú wọn, surfactant lorúkọ rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ara wọn lẹ̀ mọ́ra. Lọ́dún 1959, Mary Ellen Avery àti Jere Mead fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àìtó nǹkan yìí ló wà nídìí ìnira tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé máa ń ní láti mí.

Àgbàlagbà náà lè pàdánù rẹ̀. Òtútù àyà tó le, kòkòrò àrùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, èébì tó ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró, jàǹbá ọkọ̀, gbogbo wọn lè mú kí omi máa jò láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ sínú àwọn àpò yẹn. Lọ́dún 1967, David Ashbaugh, Thomas Petty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Denver kọ̀wé nípa aláìsàn 12 tí ohun tó ṣe wọ́n yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀fóró gbogbo wọn ṣe bákan náà: ó le gbandi, ó kún fún omi, ọ́síjìn ò wọlé. Ohun tí à ń pè ní ARDS lónìí nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rá tí ìyá ọlọ́jà fẹ́ fi di tòmátì fún yín. Bó bá ti tutù, ẹnu rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó fọwọ́ ra á, ẹ ó fẹ́ ẹ, kò ní là. Ìgbà tó bá wá là, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló kù tí yóò fi kún. Lílà rẹ̀ ló ṣòro, kíkún rẹ̀ ò ṣòro. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, á tún lẹ̀ padà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ ńkọ́? Ibi tó ti là tẹ́lẹ̀ ni yóò bẹ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpò inú ẹ̀dọ̀fóró. Agbára tí a fi ń ṣí i ju agbára tí a fi ń dá a dúró ní ṣíṣí lọ. Ohun tó ń dá a dúró là ń pè ní PEEP: bí aláìsàn bá mí jáde, ẹ̀rọ ò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán pátápátá.

Ẹbí á ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ́síjìn kún un." Ṣùgbọ́n ọ́síjìn ti wà ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Ṣé ọ́síjìn ò tó ni? Ó tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ àpò tó ti pa dé kọjá ni kò rí nǹkan kan gbé. Bó ṣe lọ ló ṣe padà. Ẹ tún rántí pé ẹ̀dọ̀fóró tó ti mu omi wúwo. Nígbà tí aláìsàn bá nà gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ìwúwo iwájú ló ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, apá ẹ̀yìn náà ló ń pa dé jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá

Mi ò ní pẹ́ níbí. Lọ́dún 1952, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ gbòde ní Copenhagen, olú ìlú Denmark. Àwọn ọmọdé ò lè mí mọ́. Ẹ̀rọ tó wà ní ilé ìwòsàn Blegdam ò tó nǹkan kan. Bjørn Ibsen, dókítà tó ń fi oògùn oorun kun aláìsàn fún iṣẹ́ abẹ, ló ní kí wọ́n lu ihò sí ọ̀fun, kí wọ́n máa fi ọwọ́ tẹ àpò róbà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ta ni yóò tẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀ dòru? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni. Bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ló pín in ṣe, wọ́n ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn, iye àwọn tó ń kú sì já wálẹ̀ gidigidi. Ibẹ̀ ni ICU ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1963, Bendixen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston kíyè sí i pé bí ẹni tó wà lábẹ́ oògùn oorun bá ń gba èémí kékeré kan náà léraléra, ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa wálẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní èémí ńlá bíi mélòó kan, á tún gòkè. Lọ́dún 1992, Burkhard Lachmann ní Rotterdam gbà wá níyànjú pé ká ṣí ẹ̀dọ̀fóró, ká má sì jẹ́ kó pa dé mọ́. Lọ́dún 1998, Marcelo Amato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn 53. Àwọn tí wọ́n fún ní èémí kékeré, tí wọ́n ṣí ẹ̀dọ̀fóró wọn, tí wọ́n sì gbé PEEP wọn sókè, 38 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, 71. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra pọ̀?

Ibẹ̀ gan-an ló ti lọ́ pọ̀, nítorí nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ṣe pa pọ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀mí là?

Lọ́dún 2000, ARDSNet, ẹgbẹ́ àwọn oníwádìí ARDS ní Amẹ́ríkà, yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀, wọ́n dán an wò lára aláìsàn 861: èémí kékeré, mílílítà 6 fún kílò kan, tí a wé mọ́ 12. 31 nínú ọgọ́rùn-ún kú lápá èémí kékeré, bíi 40 lápá kejì. Nítorí náà èémí kékeré kò lẹ́jọ́. Ṣíṣí ẹ̀dọ̀fóró ni ẹjọ́ rẹ̀ kù.

Báwo la ṣe ń ṣe é, kí la sì ń rí?

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, a ó gbé afẹ́fẹ́ sókè sí 40 sẹ̀ǹtímítà omi (òun la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), a ó sì dì í mú níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 40. Nínú ti ẹ̀kejì, PEEP la ó máa gbé gòkè ní ìpele ìpele, 25, 30, 35, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká tó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi rí ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ti rọ̀ jù.

Ó yá, ẹ bá mi wo ojú ẹ̀rọ. Ọ́síjìn wà ní 83. Dókítà di afẹ́fẹ́ mú ní 40. Nọ́ọ̀sì ń ka iye sókè ketekete. 83, 83, 85, 89, 93. Inú gbogbo wa ń dùn, ojú gbogbo wa wà lára nọ́ńbà búlúù yẹn, ti ọ́síjìn. Ta ló ń wo èyí pupa? Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ti kúrò ní 118, ó ti di 92, ó ti di 70! Kí ló dé? Afẹ́fẹ́ tí a dì mú sínú àyà ti dínà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ wá sínú ọkàn, ó sì ti fún apá ọ̀tún ọkàn mọ́ra. Ẹni tí ara rẹ̀ ò lómi tó, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, òun ló ń tètè ṣubú.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́. Mo ti rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún 93 yẹn. Ìṣẹ́jú mélòó ni 93 ọ̀hún máa ń gbé? Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá ti dá PEEP padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí a tó jẹun ọ̀sán ni 83 ti dé padà. A ti ná aláìsàn ní nǹkan, a ò sì rí nǹkan kan rà.

Brazil tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀.

Àwọn ará Brazil tí wọ́n ti gbé ṣíṣí ẹ̀dọ̀fóró lárugẹ, àwọn náà ló tún dìde pé kí wọ́n dán an wò gidi. Ìwádìí ART ni wọ́n pè é. Láti 2011 títí di 2017, wọ́n gba aláìsàn 1,010 ní ICU 120, ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Gbogbo wọn ló ń gba èémí kékeré. Apá kan gba PEEP bí a ti máa ń fún ni. Wọ́n ṣí ẹ̀dọ̀fóró apá kejì ní ìpele ìpele, wọ́n sì fún wọn ní PEEP tó ga. Níbẹ̀rẹ̀, PEEP náà ń gòkè dé 45. Ọkàn aláìsàn mẹ́ta dákẹ́ nígbà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì rò pé ó lè jẹ́ òun ló fà á. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 35, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Kí ni wọ́n rí? Àwọn tí wọ́n ṣí ẹ̀dọ̀fóró wọn, 55.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú kí ọjọ́ 28 tó pé. Àwọn tí wọn ò ṣí tiwọn, 49.3. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí mo rí i tí ẹnìkan ń mi orí níwájú: àwọn tí a ṣí tiwọn ló kú jù! Ọ́síjìn ẹ̀jẹ̀ wọn dára ju ti ìkejì lọ o. Nọ́ńbà búlúù dùn ún wò. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ jò sínú àyà wọn jù, ìfúnpá wọn já wálẹ̀ jù, wọ́n sì kú jù.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn oníwádìí yẹn. Kò rọrùn kéèyàn tẹ́ ohun tó ti ń polongo síta fún gbogbo ayé yẹ̀ wò, kó sì kéde pé kò rí bí òun ṣe rò. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ICU ilẹ̀ Yúróòpù kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé ká má ṣe fi agbára 35 sókè di ẹ̀dọ̀fóró mú fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún aláìsàn ARDS. Wọ́n ní ká má sì sọ èyí tí kò pẹ́ pàápàá di àṣà. Síbẹ̀ mo ṣì ń bá a pàdé káàkiri bí àṣà.

Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?

Ọmọ ìka ò dọ́gba. Lọ́dún 2006, Luciano Gattinoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé aláìsàn 68 lọ sí ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n fi 45 sẹ̀ǹtímítà omi fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan ṣí dáadáa. Ti àwọn mìíràn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan tó ṣí. Ẹ̀dọ̀fóró tí òtútù àyà ti sọ apá kan rẹ̀ di ẹran líle, kí lẹ fẹ́ ṣí níbẹ̀? Afẹ́fẹ́ tí ẹ fi ń tì í á wá ọ̀nà lọ sí apá tó ṣì dára, apá kékeré tó ṣẹ́kù tó ń gbé ẹ̀mí ró, á fẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe lè gbà lọ.

Gattinoni kan náà ló ti fi àwòrán CT kọ́ wa tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ARDS kéré ní ìwọ̀n. Àgbàlagbà ló dùbúlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ nínú àyà rẹ̀ lè má ju ti ọmọdé lọ. Mi ò lè gbàgbé bàbá kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Èémí tí ẹ̀rọ yìí ń fún ẹ̀gbọ́n mi ò tó nǹkan. Èmi tí mo dúró yìí ń mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé owó ni? Ẹ ní iye tó jẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ dáadáa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó kọ́. Ibi tó ṣẹ́kù tí à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ni ò tóbi." Ó wò mí títí. Ó ní, "Nítorí náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń fún un ní kékeré?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Lọ́dún 1974, Webb àti Tierney fi èkúté dán an wò ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n fi 45 sẹ̀ǹtímítà omi fẹ́ láìsí PEEP, kò pẹ́ wákàtí kan tí omi fi kún ẹ̀dọ̀fóró wọn. Ẹ̀dọ̀fóró tó pé, tó dá ṣáká ni o! Àwọn tí wọ́n fún ní PEEP 10 pẹ̀lú 45 kan náà sàn ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ rí i? Àfẹ́jù ń pa á, pípadé-ṣíṣí ní gbogbo èémí náà sì ń ba á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé kẹ́ ẹ gbàgbé PEEP. Àṣejù ni mo ń bá wí.

Kí la wá ń ṣe lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì?

Ẹ mú téèpù. Bẹ́ẹ̀ ni, téèpù tí télọ̀ ń lò. Gíga aláìsàn la fi ń mọ ìwọ̀n èémí rẹ̀, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ẹ̀dọ̀fóró kì í sanra. Ìyá kan tó ga ní 155 sẹ̀ǹtímítà, tó wọn kílò 105: bí ẹ bá fi 105 ṣírò, mílílítà 630 ni ẹ ó máa fẹ́ sí i láyà. Bí ẹ bá fi gíga rẹ̀ ṣírò, ìwọ̀n tó tọ́ sí i jẹ́ bíi kílò 48, èémí rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi 290 lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn! Bí nọ́ọ̀sì bá bi dókítà pé "Gíga ìyá yìí ńkọ́?", kì í ṣe àfojúdi.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀fóró kan ṣeé ṣí, ẹ̀rọ yín á sọ fún yín láìsí CT. Ẹ jẹ́ kí èémí wà bó ṣe wà. Ẹ wo agbára tó kù nínú àyà nígbà tí ẹ bá dá afẹ́fẹ́ dúró díẹ̀ lópin mímí sínú, plateau. Ká ní PEEP wà ní 8, plateau wà ní 24. Ẹ gbé PEEP sí 12. Bí plateau bá di 26, inú mi á dùn: èémí kan náà ti wá ń rọrùn láti gbà, àpò kan ti ṣí. Bó bá di 31, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Kò sí ohun tó ṣí, èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ lẹ ń nà. A kì í fẹ́ kí plateau kọjá 30.

Nípa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fífà: ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má máa yọ túùbù ọ̀fun aláìsàn kúrò lára ẹ̀rọ bí ò bá pọn dandan. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí túùbù fi ṣí sílẹ̀, ohun tí a fi gbogbo òru ṣí á pa dé. Ẹ lo ọ̀pá ìfàkẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó máa ń wà lójú ẹ̀rọ láìyọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ yọ ọ́, ẹ fi ẹ̀mú (clamp) há túùbù ná.

Mo sì ní mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ń pa dé, kí ló dé tí a ò dojú aláìsàn bolẹ̀? Lọ́dún 2013, Claude Guérin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé àti Sípéènì dán èyí wò lára aláìsàn 466 tí àìsàn wọn le. Ó kéré tán wákàtí 16 lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń dojú wọn bolẹ̀. 16 nínú ọgọ́rùn-ún kú. Lápá kejì, 32.8. Ìdajì! Ẹ̀dọ̀fóró ń ṣí fúnra rẹ̀ níbẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni di afẹ́fẹ́ mú ní 40. Ohun tó ń ná wa ni ènìyàn márùn-ún tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹnìkan níbi orí tó di túùbù mú tí kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ẹni méjì lápá kan, ẹni méjì lápá kejì, ìrọ̀rí lábẹ́ àyà àti ìbàdí, ojú aláìsàn tí a ti lẹ̀ kí ó má bàa gbẹ. Ẹni orí ló ń kà á, gbogbo wọn á sì yí i papọ̀. Nígbà tí Kòrónà dé, ọ̀pọ̀ aláìsàn tí kò tíì dé orí ẹ̀rọ pàápàá la ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn nímú. Ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ohun tí kò nílò iná nìyẹn.

Ó ku ẹyọ kan, ó sì kàn wá gan-an. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń há ìka, tó ń ka ọ́síjìn, kì í fìgbà gbogbo sọ òótọ́ lára àwọ̀ dúdú. Lọ́dún 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan fi í wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà. Nígbà tí ẹ̀rọ ìka ní 92 sí 96, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ 88 lára 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6. Ẹ wá ronú pé nọ́ńbà búlúù yẹn náà la fi ń ṣèdájọ́ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ti ṣí. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan àlọ, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá kí ẹ tó pinnu pé PEEP tó.

Alága ti ń wo aago, mo sì rí ọwọ́ tó wà lókè lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Màmá, ẹ máa bọ̀ níbi máìkì, ẹ bi mí ní ìbéèrè yín.